Ìfilọ̀ Tí Ilé-Ẹ̀kọ́ Ń Fi Ránṣẹ́ Sí Ilé

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn ìjòyè àti àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ní ìpàdé oṣooṣù

     

Ohun tí a mú wá síwájú yín lónìí kéré lójú. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ilẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ oyè, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìbò. Ọ̀rọ̀ ìwé pélébé kan ni, èyí tí ọmọ ọdún mẹ́fà tàbí méje ń ká mọ́ inú àpò ìwé rẹ̀ bọ̀ wálé láti ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sì kọ sí orí rẹ̀ pé ìfilọ̀ ni fún àwọn òbí. Ìwé náà lè dé ilé kí ó má dé etí ẹnikẹ́ni. Ó lè sùn nínú àpò títí yóò fi gbó. A sì lè fi di ẹ̀pà lọ́jà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè ohun tí ó wí. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ìwé pélébé yìí ni okùn tí ó so ilé mọ́ ilé-ẹ̀kọ́. Bí okùn náà bá já, ọmọ ni yóò bọ́ sílẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí ìfilọ̀ wọ̀nyí ń sọ. Ọdún ẹ̀kọ́ wa pín sí sáà mẹ́ta. Ní sáà kìíní, èyí tí ó ń bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án, ìfilọ̀ a jáde nípa ọjọ́ ìwọlé, nípa aṣọ ilé-ìwé, nípa àwọn ìwé tí ọmọ yóò lò, àti nípa ìpàdé àkọ́kọ́ ti ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Ní sáà kejì, lẹ́yìn ọdún tuntun, ọ̀rọ̀ eré-ìje ni ó sábà máa ń gba iwájú: ọjọ́ tí a óò pín àwọn ọmọ sí ilé aláwọ̀ pupa, aláwọ̀ ewé àti aláwọ̀ búlúù, tí wọn yóò sáré, tí wọn yóò fa okùn, tí wọn yóò sì yan bí ológun níwájú àwọn òbí wọn. Ní sáà kẹta ni àyájọ́ àwọn ọmọdé, tí Nàìjíríà ti ń ṣe ní ọjọ́ 27 oṣù karùn-ún láti ọdún 1964. Lẹ́yìn rẹ̀ ni ìdánwò ìparí ọdún, àti ìwé èsì tí òbí gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí. Láàárín gbogbo ìwọ̀nyí ni ìfilọ̀ mìíràn ń gbà wọlé: pé àwọn oníṣègùn ń bọ̀ wá fún àwọn ọmọ ní abẹ́rẹ́ àjẹsára, pé kí ọmọ mú ọkọ́ wá fún iṣẹ́ oko ilé-ẹ̀kọ́, pé kí a má ṣe rán ọmọ tí ojú rẹ̀ pọ́n wá, kí ó má baà ran àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí kò kan ayé ọmọ náà.

Àwọn baba wa kò ní bébà, ṣùgbọ́n wọ́n mọ bí a ti í ránṣẹ́. Bí wọ́n bá ní ọ̀rọ̀ fún ẹni tí ó wà lọ́nà jíjìn, wọ́n a di àrokò. Owó ẹyọ mẹ́fà tí a sín pọ̀ ń sọ fún ẹni tí ó gbà á pé ọkàn ẹni tí ó fi ránṣẹ́ fà sí i, nítorí ẹ̀fà ni mẹ́fà. Ẹyọ mẹ́jọ ń sọ pé ọ̀rọ̀ àwọn méjèèjì jọ, nítorí ẹ̀jọ ni mẹ́jọ. Ẹ kíyè sí i pé ẹni tí ń di àrokò a kọ́kọ́ rò ó bóyá ẹni tí yóò gbà á mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Kò sí ọlọ́gbọ́n tí yóò di àrokò fún àlejò tí kò mọ̀ ọ́n tú, kí ó tún wá máa bínú pé àlejò kò jẹ́ iṣẹ́ òun. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ tí ọba bá ní fún ìlú: akéde a lu agogo, a dúró ní oríta kọ̀ọ̀kan, a sì ké e ní èdè tí ọmọdé àti àgbà gbọ́, tí kò fi sí ẹni tí yóò lè wí lẹ́yìn ọ̀la pé òun kò mọ̀.

Ní ti ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀, ilé àti ìlú ni ilé-ẹ̀kọ́ láyé ìgbà náà. Ọmọ alágbẹ̀dẹ ń fẹ́ ẹwìrì lẹ́gbẹ̀ẹ́ baba rẹ̀. Ọmọ aláró ń bá ìyá rẹ̀ rẹ aṣọ. Ọmọ onílù ń tẹ̀lé baba rẹ̀ dé òde àríyá, ó sì ń gbọ́ oríkì gbogbo ilé ńlá kí ó tó gbóyà láti gbé ìlù kọ́ èjìká. Ojú kan ní í bímọ, igba ojú ní í wò ó. Níwọ̀n bí ẹni tí ń kọ́ ọmọ àti ẹni tí ó bí i ti ń gbé inú agbo-ilé kan náà, kò sí ìdí tí ẹnìkan yóò fi kọ ìfilọ̀ sí ẹnìkejì.

Ṣùgbọ́n nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ ti ìwé dé, ó dé bí àlejò. Ní ọdún 1842 ni Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, tí Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. sì tẹ̀lé e ní ọdún kan náà; kò pẹ́ lẹ́yìn náà tí ilé-ẹ̀kọ́ fi bẹ̀rẹ̀ ní Àgbádárìgì àti ní Abẹ́òkúta. Àwọn aṣáájú wọ̀nyí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ènìyàn kò gbọ́ kò lè yí i lọ́kàn padà. Samuel Ajayi Crowther tẹ ìwé àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní ọdún 1843; ní ọdún 1859 sì ni Townsend bẹ̀rẹ̀ sí tẹ Ìwé Ìròyìn ní èdè wa ní Abẹ́òkúta, kí àwọn tí ó ti mọ̀wé lè rí ohun kà kí wọ́n sì sọ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Lẹ́yìn èyí ni ìjọba amúnisìn ṣe òfin ẹ̀kọ́ ti ọdún 1882, tí ó fi owó ìrànwọ́ sí kíkọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì, tí kò sì ka èdè ilẹ̀ wa sí. Àwọn ọlọ́gbọ́n Èkó fi ẹ̀hónú hàn nínú àwọn ìwé ìròyìn ìgbà náà. Ṣùgbọ́n ibi tí owó bá wà ni ọkàn olùkọ́ ń tẹ̀ sí. Láti ìgbà náà wá ni ọ̀pọ̀ olùkọ́ ti kà á sí pé ọ̀rọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kò níyì àfi bí a bá fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ọ́, títí dé orí ìwé tí a kọ sí ìyá tí kò kàwé rí.

Ẹ̀rí bí ọ̀rọ̀ tí a kò là yé ìlú ṣe ń di ìjà wà nínú ìtàn wa tí kò tíì pẹ́. Ní ọdún 1952 ni ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn, tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ṣe olórí rẹ̀, tí Olóyè S. O. Awókòyà sì jẹ́ mínísítà ẹ̀kọ́ fún, gbé ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ kalẹ̀. Nígbà tí wọ́n bu owó-orí 10 ṣílè àti 6 pẹ́nì lé àwọn ènìyàn nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, ọ̀pọ̀ ló rí owó náà kí wọ́n tó rí ilé-ẹ̀kọ́. Wọ́n bínú, ẹgbẹ́ tí ń ṣe ìjọba sì fìdí rẹmi ní ilẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn nínú ìbò àpapọ̀ ti ọdún 1954. Ṣùgbọ́n kí ọjọ́ 17 oṣù kìíní ọdún 1955 tó pé, a ti ń ṣàlàyé láti ìlú dé ìlú, níwájú àwọn ọba àti ìjòyè, nínú ṣọ́ọ̀ṣì àti mọ́ṣáláṣí. Nígbà tí ilẹ̀kùn ṣí, iye ọmọ tí ó wà ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ fò láti nǹkan bí 457,000 ní ọdún 1954 dé ohun tí ó lé ní 811,000. Àwọn òbí kan náà tí wọ́n kọ owó-orí ni wọ́n fa ọmọ wọn lọ́wọ́ wá. Ọ̀rọ̀ tí ó yé wọn ni ó mú wọn wá.

Bóyá ẹnìkan nínú wa yóò wí pé, “Bí a bá ń fi Yorùbá kọ ìwé ilé-ẹ̀kọ́, ṣé a kò ní fa ọmọ sẹ́yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì?” A ti dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Ní oṣù kìíní ọdún 1970, ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́, Ilé-Ifẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ láti Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò ọlọ́dún mẹ́fà kan. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ ọ̀wọ́ àwọn ọmọ kan ní ìṣirò, ní sáyẹ́ǹsì àti ní ẹ̀kọ́ gbogbo fún ọdún mẹ́fà gbáko, olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ sì ń kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Ọ̀wọ́ kejì ń gba ẹ̀kọ́ bí a ti ń ṣe é tẹ́lẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì ń gba ipò Yorùbá lẹ́yìn ọdún kẹta. Nígbà tí a díwọ̀n wọn, àwọn tí a fi Yorùbá kọ́ kò rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì ta àwọn yòókù yọ nínú ẹ̀kọ́ mìíràn. Bí Yorùbá kò bá ṣe ọmọ ní ibi nínú ìṣirò rẹ̀, báwo ni yóò ṣe ṣe é ní ibi nínú lẹ́tà tí a kọ sí ìyá rẹ̀?

Ẹ̀yin náà mọ̀ bí ọ̀rọ̀ ti rí láìpẹ́ yìí. Ní ìparí oṣù kọkànlá ọdún 2022 ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà pé èdè abínibí ni kí a máa fi kọ́ ọmọ ní ọdún mẹ́fà ti alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé a ti fagi lé ìlànà náà, pé Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìpìlẹ̀ dé òkè. Ó dun ọ̀pọ̀ nínú wa, ẹgbẹ́ wa yóò sì sọ èrò rẹ̀ ní ibi tí ó yẹ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á fi ojú ọgbọ́n wò ó. Èdè tí a fi ń kọ́ ọmọ nínú kíláàsì ni ìkéde náà dá lé. Kò kan èdè tí olùkọ́ fi ń kọ̀wé sí òbí, kò kan èdè tí a fi ń sọ̀rọ̀ ní ìpàdé òbí àti olùkọ́, kò sì kan èdè eré lórí pápá. Ọwọ́ wa ni ìwọ̀nyí ṣì wà. Bí a bá sì jẹ́ kí wọ́n bọ́, kì í ṣe ìjọba ni ó gbà á lọ́wọ́ wa.

Nísinsin yìí, ẹ jẹ́ kí á sọ òótọ́ fún ara wa nípa ibi tí okùn náà ti ń já, nítorí ẹ̀bi kò sí ní ìhà kan ṣoṣo.

Ní ìhà ilé-ẹ̀kọ́, ìfilọ̀ a máa pẹ́ jù. A ó kọ ọ́ ní ìrọ̀lẹ́ pé ní òwúrọ̀ ọ̀la kí ọmọ mú ohun báyìí báyìí wá. Ìyá tí ó ti lọ sí ọjà alẹ́ kò ní rí i títí ilẹ̀ yóò fi mọ́, ọmọ ni yóò sì jìyà rẹ̀ lórí ìlà. Èkejì, ìfilọ̀ a máa sọ ti owó nìkan. Bí ó bá jẹ́ pé ìgbà tí a fẹ́ gba owó nìkan ni ìwé ń wá, òbí yóò bẹ̀rẹ̀ sí wo ìwé gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó rí sìnsìnmọ́ní ẹlẹ́jọ́. A kì í kọ̀wé sí i pé ọmọ rẹ̀ ti mọ ìṣirò ìlọ́po, tàbí pé ó gba ọmọ kékeré kan lọ́wọ́ ìjà. Ẹ̀kẹta, tí ó burú jù, ni èdè. Ẹ wo àpẹẹrẹ kan. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2023 ni Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí fún àwọn ọmọbìnrin ọlọ́dún 9 sí 14 ní abẹ́rẹ́ tí ń dènà jẹjẹrẹ ẹnu ilé-ọmọ, Èkó, Ògùn àti Ọ̀ṣun sì wà nínú àwọn ìpínlẹ̀ tí a kọ́kọ́ mú. Àìsàn tí ń pa ìyá ọlọ́mọ ni. Abẹ́rẹ́ náà sì ń ṣiṣẹ́ jùlọ bí a bá gbà á ní kékeré. Ìyá tí a bá la èyí yé ní èdè rẹ̀ yóò béèrè ohun tí ó ń bà á lẹ́rù, a ó sì dá a lóhùn. Ṣùgbọ́n ìyá tí a kàn fi ìwé Gẹ̀ẹ́sì ránṣẹ́ sí pé kí ó fọwọ́ sí i, àhesọ ọjà ni yóò dá a lóhùn. Bí ó bá fi ọmọ rẹ̀ pamọ́ sílé ní ọjọ́ náà, ta ni ó jẹ̀bi?

Ní ìhà ilé, àwa baba ni a jẹ̀bi jù. A ti fi ìwé ọmọ lé ìyá lọ́wọ́, a sì rò pé owó ilé-ìwé tí a san ti parí iṣẹ́ wa. Àwọn mìíràn nínú wa tí wọ́n lè ka ìwé ìròyìn láti ojú ìwé kìíní dé ti ìkẹyìn kì í ya àpò ọmọ wọn wò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láàárín sáà. Bí a bá pe ìpàdé òbí àti olùkọ́, obìnrin ni ó kún ibẹ̀. Bí a bá sì rí ọkùnrin níbẹ̀, ó lè jẹ́ pé olùkọ́ ni ó wá bá jà nítorí pé ó bá ọmọ rẹ̀ wí. Àwọn òbí mìíràn ń fi ọmọ polówó ọjà ní wákàtí ẹ̀kọ́, tàbí kí wọ́n mú un lọ sí ìnáwó ọlọ́jọ́ mẹ́rin ní ìlú mìíràn láìsọ fún olùkọ́. Ẹ rántí pé Òfin Ẹ̀kọ́ Ìpìlẹ̀ tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní ọdún 2004 ti sọ ọ́ di dandan fún òbí láti rí i pé ọmọ rẹ̀ ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ó bá kọ̀ lè bá ara rẹ̀ níwájú adájọ́. Ṣùgbọ́n kí a tó dé iwájú adájọ́, ó yẹ kí ìtìjú ti mú wa.

Ẹ jẹ́ kí á wá sọ̀rọ̀ nípa eré àti ayẹyẹ, nítorí ọ̀pọ̀ òbí rò pé eré lásán ni, pé ẹ̀kọ́ wà nínú ìwé nìkan. Ọmọ tí ó mọ ìṣirò tì lè jẹ́ ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù lórí pápá. Bí ó bá wo ẹ̀gbẹ́ pápá tí ó rí baba rẹ̀ níbẹ̀, ó ti rí ìdí kan láti fẹ́ràn ilé-ẹ̀kọ́ nìyẹn, ìfẹ́ náà yóò sì gbé e dé inú ìṣirò. Ọmọ tí ó wo ẹ̀gbẹ́ pápá tí kò rí ẹnikẹ́ni, ẹ̀kọ́ mìíràn ni ó kọ́ ní ọjọ́ náà, kì í sì í gbàgbé rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọjọ́ àṣà ni a fẹ́ tẹnu mọ́. Ó ti di ìṣe ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ pé ní ọjọ́ kan nínú ọdún kí àwọn ọmọ wọ aṣọ ìbílẹ̀. Ìfilọ̀ a wá sílé pé kí a ra aṣọ òfì, kí a ra ìlẹ̀kẹ̀, kí a ra fìlà. Àwọn òbí a yáwó. Àwọn tí kò rí owó yá a fi ọmọ wọn sílé. Ṣùgbọ́n ọmọ tí a wọ̀ ní aṣọ òfì, tí a dé ní fìlà abetí-ajá, tí ó sì na ọwọ́ sí àgbà láti fi Gẹ̀ẹ́sì kí i, a kò tíì kọ́ ọ ní àṣà. Aṣọ ni a yá a. Kí ni ìbá ṣẹlẹ̀ bí ìfilọ̀ bá wí báyìí pé: “Ní ọ̀sẹ̀ méjì sí òní, ọmọ kọ̀ọ̀kan yóò sọ oríkì rẹ̀ níwájú kíláàsì. Kí ó lọ kọ́ ọ lẹ́nu ìyá àgbà tàbí baba àgbà rẹ̀”? Ìwé náà kò béèrè kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ náà, ìyá àgbà tí ó jókòó sí ẹ̀yìn ilé, tí ó rò pé ayé ìwé ti kọjá òun, yóò di olùkọ́. Ọmọ yóò jókòó sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Bí baba ọmọ náà kò bá mọ oríkì ara rẹ̀ mọ́, òun náà yóò sún mọ́ wọn, yóò ṣe bí ẹni pé kò gbọ́, yóò sì máa gbọ́.

Bẹ́ẹ̀ ni ilé-ẹ̀kọ́ lè pe amọ̀kòkò wá fi han àwọn ọmọ bí a ti í mọ ìkòkò. Kí ó pe ahunṣọ, kí ó pe onílù, kí ó pe àgbà tí ó mọ ayò ta wá kọ́ wọn ní ayò, nítorí ìṣirò ni ayò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Irú ìfilọ̀ báyìí yóò wí fún òbí pé a kò pè é wá sanwó nìkan. A pè é nítorí ohun tí ó mọ̀.

Nítorí náà ni a ṣe mú àbá márùn-ún wá síwájú yín.

Èkíní, kí ẹgbẹ́ wa bẹ àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ní ìlú yìí pé kí gbogbo ìfilọ̀ fún òbí jáde ní èdè Yorùbá tí ó mọ́, pẹ̀lú àmì ohùn rẹ̀. Kí Gẹ̀ẹ́sì sì wà lábẹ́ rẹ̀ fún ẹni tí ó bá fẹ́ ẹ. Bí olùkọ́ bá wí pé òun kò mọ Yorùbá kọ dáradára, kí a má ṣe fi í ṣẹ̀sín. Àwọn olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìntì wà nínú ẹgbẹ́ wa. Kí méjì nínú wọn gba ilé-ẹ̀kọ́ kan, kí wọ́n máa bá a wo ìwé náà kí ó tó jáde.

Èkejì, kí ìfilọ̀ ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ó kéré tán, kí ààyè sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀ fún ìdáhùn òbí. Ìwé tí kò retí èsì, àṣẹ ni. Èyí tí ó retí èsì ni ó ń bá ènìyàn sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kẹta, ẹ̀yin ìjòyè àti ẹ̀yin ìyálọ́jà, ẹ bá wa sọ fún ọjà àti fún agbo-ilé pé ọjọ́ ọjà kì í ṣe ọjọ́ ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́. Ìfilọ̀ tí ó bá wúwo, irú bí ti abẹ́rẹ́ àjẹsára tàbí ti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ tuntun, kí akéde ké e. Kí àwọn ìmáàmù àti àwọn àlùfáà náà sì sọ ọ́ lẹ́yìn ìsìn.

Ẹ̀kẹrin, kí baba kọ̀ọ̀kan nínú wa máa bi ọmọ rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ pé, “Ìwé wo ni o mú bọ̀?” Kí ó kà á sókè níwájú ìyá ọmọ, kí ó sì fọwọ́ sí i. Nínú agbo-ilé tí kò bá sí ẹni tí ó mọ̀wé, kí àwọn aládùúgbò mọ ilé tí wọn yóò gbé e lọ kí a kà á fún wọn láìsí ìtìjú.

Ẹ̀karùn-ún, kí ìjòyè kan tàbí ọmọ ẹgbẹ́ kan máa wà níjokòó ní gbogbo ọjọ́ eré-ìje àti ọjọ́ ìparí sáà, ní ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí ní ti aládàáni. Bí olóyè bá ti jókòó sí ẹ̀gbẹ́ pápá, gbogbo ìlú yóò mọ̀ pé ohun tí ń lọ níbẹ̀ kì í ṣe eré ọmọdé.

Kí ọ̀rọ̀ má baà jẹ́ ti ẹnu lásán, àpẹẹrẹ ìfilọ̀ kan nìyí, tí ilé-ẹ̀kọ́ èyíkéyìí lè mú lò:

“Ìfilọ̀ fún àwọn òbí. A kí ẹ̀yin baba àti ìyá àwọn ọmọ wa kú ìtọ́jú wọn. Ní ọjọ́ Ẹtì ọ̀sẹ̀ tí ń bọ̀, ní agogo mẹ́sàn-án òwúrọ̀, àwọn ọmọ yín yóò ṣe eré-ìje ní pápá ilé-ẹ̀kọ́. A kò béèrè owó. Ohun tí a béèrè ni kí ọmọ jẹun kí ó tó kúrò nílé, kí ó mú omi mímu dání, kí ẹnìkan láti inú ilé sì bá a wá wò ó. Bí ọmọ yín bá ní àìsàn tí kò yẹ kí ó fi sáré, ẹ jọ̀wọ́ ẹ jẹ́ kí á mọ̀. Ẹ kọ èsì yín sí ìsàlẹ̀ yìí, tàbí kí ẹ fi ẹnu rán ọmọ: ṣé ẹ ó lè wá?”

Ẹ wò ó bí ó ti kúrú tó. Kò sí ìyá kan ní ilẹ̀ yìí tí yóò gbọ́ ọ tí kò ní yé e.

A mọ̀ pé àwọn kan yóò béèrè nípa àwọn ọmọ tí òbí wọn kì í ṣe Yorùbá, nítorí ìlú wa ti di ìlú gbogbo ayé. Ìdáhùn wa ni pé ohun tí a ń bèèrè fún ìyá tiwa ni a ń bèèrè fún ìyá wọn náà: kí a fi ohun tí ó yé e bá a sọ̀rọ̀. Níbi tí Ẹ̀gùn bá pọ̀, kí a fi Ẹ̀gùn kún un. Níbi tí Ìgbò tàbí Haúsá bá pọ̀, kí a wá ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀. Ẹni tí ó bọ̀wọ̀ fún èdè ara rẹ̀ kì í kórìíra ti ẹlòmíràn. Àwọn mìíràn yóò sì wí pé òbí tí ó fi ọmọ sí ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi owó rẹ̀ rà. Bẹ́ẹ̀ ni, kí a fún ọmọ rẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì tí ó jinlẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi owó rẹ̀ ra kí ìyá ọmọ rẹ̀ di àlejò ní ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ náà.

Ẹ̀yin àgbà, a kò fẹ́ dá yín dúró pẹ́. Àwọn baba wa ti wí pé ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Àwa sì fẹ́ fi kún un pé ọmọ tí ilé-ẹ̀kọ́ nìkan kọ́, tí ilé kò bá a dá sí i, lè má ta ilé náà, ṣùgbọ́n kò ní mọ ìdí tí a fi kọ́ ọ. Ìwé pélébé tí ń bẹ nínú àpò ọmọ ní ìrọ̀lẹ́ òní ni ilé-ẹ̀kọ́ fi ń kan ilẹ̀kùn wa. Ẹ jẹ́ kí á dá a lóhùn, ẹ sì jẹ́ kí á bẹ ilé-ẹ̀kọ́ pé kí ó kàn án ní ohùn tí a ó fi mọ̀ pé ará ilé ni.

Kí Olódùmarè má ṣe jẹ́ kí okùn náà já. Kí ilé wa má tú, kí ilé-ẹ̀kọ́ wa má dahoro, kí ọmọ wa gbọ́n jù wá lọ, kí wọ́n sì rántí wa sí rere.